Pákó Méjì Tó Là Mí Lójú

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà ní òkè òkun lọ́hùn-ún? Ìyá rẹ ń kí yín. Orúnkún rẹ̀ ti san.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń rìn tá a jọ fà lórí fóònù ti yé mi wàyí! Mo ń ti pákó kan wọ abẹ́ èkejì ní ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó há. Mo tì í, mo tì í, ló bá ṣàdédé yọ̀ wọlé, tábìlì mì tìtì. Mo kígbe pé, "Ìmìtìtì ilẹ̀ rèé!" Oníbàárà mi sá jáde láìwọ bàtà.

Bí ilẹ̀ abẹ́ òkun ṣe ń wọ abẹ́ ilẹ̀ yín nìyẹn. Omi tó bá a wọlẹ̀ ló ń mú òkúta ìsàlẹ̀ yọ́, tí òkè ẹ̀yìn ilé yín fi ń tu iná.

Èmi tí mo sọ pé ilẹ̀ kì í rìn, mo túúbá. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá lè rìn, kí ló dé tí ìwọ ò rìn wá sílé láti ọdún mẹ́fà?

Èmi ni, bàbá rẹ káfíńtà.