Agbada Kékeré Tí Àlùbọ́sà Kò Kàn Rí

Èmi, Subal Chandra Modak, ọmọ olóògbé Gokul Modak, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí ń dín ṣíńgárà, ìyẹn sàmósà elánàmọ́, tà ní ibùdókọ̀ Palashdanga, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ọkàn inú àyà mi ló ń ṣàìsàn, àwọn dókítà Kolkata yóò sì là mí ní Sátidé láti tún un ṣe. Bí mo bá padà wá, ẹ fi ìwé yìí dáná. Bí mi ò bá padà, kí olùkọ́ mi, Anadi Pramanik, mú un ṣẹ.

1. Màlúù mi, Kajoli, di ti Tuki, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí Tuki kọ́kọ́ fọwọ́ yá iná kó tó fún wàrà rẹ̀. Ọwọ́ tútù ló ń mú màlúù yẹn ta ènìyàn nípàá.

2. Kẹ̀kẹ́ mi di ti Olùkọ́. Bíréèkì ẹ̀yìn kò ṣiṣẹ́. Ó nà mí púpọ̀ nílé ìwé, ṣùgbọ́n òun náà ló fẹsẹ̀ rìn wá sílé wa lẹ́ẹ̀mẹta láti bẹ bàbá mi kí n má fi ìwé sílẹ̀.

3. Ilé ìtajà àti agbada ńlá di ti ẹ̀gbọ́n mi, Nibaran. A ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí.

Píṣì, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ló tọ́ wa nígbà tí ìyá wa kú, òun ló sì kọ́ wa níṣẹ́. Ó kọ́ wa pé a kì í bó ànàmọ́ òyìnbó, wẹ́wẹ́ ni à ń gé e tèèpo-tèèpo, pẹ̀lú ẹ̀pà àti atalẹ̀. Pé bí epo bá gbóná jù, ara ṣíńgárà á lé róro. Opó ni. Opó kì í jẹ àlùbọ́sà lọ́dọ̀ wa, nítorí náà àlùbọ́sà kò wọ agbada wa rí. Ṣíńgárà àkọ́kọ́ láràárọ̀, tirẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n da àlùbọ́sà sí i nítorí àwọn èrò ọkọ̀ ń bèèrè. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Píṣì gbé ṣíńgárà dé ẹnu, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú ò tì yín? Ẹni tó fọwọ́ bọ́ yín lẹ tì mọ́ta!"

Ó ní, "Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ṣé opó kan ló máa sọ ohun tí gbogbo èrò ọkọ̀ máa jẹ?"

Mo da gbogbo ohun tó sè sí gọ́tà. Ó bínú jáde, ó ṣí ìsọ̀ sí òdìkejì ọ̀nà.

4. Lọ́jọ́ kejì ìjà yẹn ni mo ra agbada kékeré. Inú rẹ̀ nìkan ni Píṣì ń jẹ. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè ká ṣíńgárà mọ́. Bí mo bá kú, ta ni yóò dín in fún un? Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló tún mọ̀ ọ́n ká bí Píṣì ṣe kọ́ wa. Nítorí náà, agbada kékeré di tirẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ síbí tẹ́lẹ̀ pé bí ó bá fi àlùbọ́sà kàn án, kí Olùkọ́ gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Olùkọ́ kà á fún Píṣì kí ó tẹ̀ka, Píṣì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Pa ìyẹn rẹ́! Tó o bá kú tán, o tún fẹ́ máa bá ẹ̀gbọ́n ẹ jà? Èmi ni mi ò jẹ àlùbọ́sà, mi ò ní kí ìlú má jẹ ẹ́."

Mo ní, "Píṣì, ẹ ò mọ̀ ọ́n ni."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n? Ta ló nùdí fún un? Ránṣẹ́ pè é. Kó wá gbé agbada ẹ̀ nígbà tó o ṣì ń mí."

Mo bá a jiyàn títí tíì tí a ń mu fi tutù. Mo ti fagi lé e. Mo ti ránṣẹ́.

5. Olùkọ́ ní ẹlẹ́rìí tó bá tẹ̀ka kì í jogún. Nítorí náà mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún Píṣì níbí. Ohun tí mo ní fún un, inú agbada kékeré ló wà. Kẹ̀kẹ́ Olùkọ́ ńkọ́? Mo ti fún un lónìí, kó lè fọwọ́ sí i.

Mo fọwọ́ sí i: Subal Chandra Modak
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Poush, ọdún 1405 nínú kàlẹ́ńdà ilẹ̀ wa

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Anadi Pramanik, olùkọ́
Khirodabala Nag, Píṣì (ó tẹ̀ka, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀)

Àfikún, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Agbada kékeré ti kúrò nínú ogún mi. Ẹ̀gbọ́n wá láàárọ̀ yìí. Kò kí mi. Ó gbóòórùn inú agbada, ó tún fi eérú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá wo abọ́ mi. Ó ní, "Ta ló gé ànàmọ́ gbàǹgbà-gbàǹgbà báyìí?" Mo ní kí ó jókòó kó gé e fúnra rẹ̀. Ó jókòó.

Píṣì jẹ ṣíńgárà méjì.