Ìsàlẹ̀ Ilé fún Ẹgbẹ́, Òkè Ilé fún Àwọn Ọmọ

Èmi, tí orúkọ àbísọ mi àti ti bàbá mi wà ní kíkún lára ìwé ẹ̀rí tí lọ́yà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí, ṣùgbọ́n tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Fèrèsé, ayàwòrán ilé ni mí, inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo fọwọ́ ara mi yà ni mo sì ń gbé. Mo kéde pé orí mi pé, iyè mi sọ, kò sì sí ẹni tó fi ipá tàbí ẹ̀tàn mú mi kọ ohun tí mo kọ síhìn-ín. Lọ́yà ní kí dókítà jẹ́rìí sí i. Dókítà dé, ó bi mí pé ọjọ́ wo la wà, mo sọ fún un. Ó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí, mo sọ fún un. Èmi náà wá bi í léèrè ìdí tí fèrèsé yàrá tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ti ń dúró dè é fi kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tí ẹni tí kò ní ibà fi ń níbà kó tó kàn án. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọpọlọ mi pé, ó ní ó tún fẹ́ pé jù.

Èyí ni ìwé ìhágún mi ìkẹyìn. Èyíkéyìí tí mo ti kọ ṣáájú, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú kọ ní ọdún tí èmi àti ọkọ mi pínyà, mo fagi lé e.

1. Mo yan ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ àkọ́bí, àti lọ́yà mi gẹ́gẹ́ bí alámòójútó ogún mi. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá wọ̀, kí wọ́n ké sí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú ló ti ń parí ìjà àwọn ayàwòrán ilé. Ìjà àwọn ajogún kò lè pọ̀ jù ú lọ.

2. Ìsàlẹ̀ ilé mi, èyí ni pálọ̀ ńlá, ilé ìdáná kékeré, balùwẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, mo fi fún Ẹgbẹ́ Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń pàdé níbẹ̀ lóṣooṣù. Bí ọdún kan bá yí po tí wọn kò pàdé, kí ó padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, torí lọ́yà ní adájọ́ lè má mọ irú ẹgbẹ́ tí ó jẹ́. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ara wa níyàwó, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá náà sì ń fi àwòrán wọn pamọ́ bí ẹni fi wúrà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ògiri lágbájá bá sán, kò ní sọ. Ti tàmẹ̀dù náà yóò sán kó tó kọ́gbọ́n. Àwa méjèèjì ní kí ló dé. A pe àwọn ọ̀rẹ́ wa jọ, a dojú korobá délẹ̀, a jókòó lé e, a sì ṣe òfin kan ṣoṣo: kí kálukú mú ilé tirẹ̀ tó ní wàhálà wá, kó sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, kó tó yin èyí tó dára. Ibẹ̀ la ti kọ́ bí òrùlé ṣe gbọ́dọ̀ yọ síta tó kí òjò má bàa máa lá ògiri. Ibẹ̀ la ti kọ́ bí a ṣe ń gba igi ilé àtijọ́ lò dípò ká tún gé òmíràn, bí a ṣe ń kọ́lé kí atẹ́gùn gba ọ̀tún wọlé kó gba òsì jáde, àti bí a ṣe ń fi sùúrù bá oníbàárà tó fẹ́ irú ilé tó rí nínú tẹlifíṣọ̀n, ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́, sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ibẹ̀ la ti mú orúkọ.

3. Aṣọ funfun ńlá tí a fi ń wo àwòrán, àti igi tí a fi ń ta á, mo fi sílẹ̀ fún ọkọ mi àtijọ́, tí ẹgbẹ́ ń pè ní Bàbá Kọnkéré.

Mo mọ̀ pé yóò rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀yin yòókù lè bá a rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ ńlá tí mo kọ́kọ́ dá gbà ni ilé ìkàwé kan, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Òjò ń ka ìwé ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Mo ti pinnu pé èmi fúnra mi yóò sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ní oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn àlejò láti ẹgbẹ́ mìíràn wá bá wa, ọkọ mi dìde, ó tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára aṣọ funfun yìí, ó fi òrùlé mi hàn wọ́n pẹ̀lú ike tí wọ́n fi ń gbomi, ó sì ń dápàárá sí i. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní ibòmíràn ni, mi ò bá dìde kí n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n pálọ̀ mi la wà.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní ṣebí òfin tí àwa méjèèjì ṣe ni. Mo ní òfin wí pé kí kálukú mú tirẹ̀ wá. Ó ní ṣé ohun tí ó jẹ́ tèmi kì í ṣe tòun ni. Mo ní ó yẹ kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà ìyìn pẹ̀lú. Òjò ọjọ́ kan kọ́ ló ń wó ògiri. Ọ̀rọ̀ náà ti ń rin ìsàlẹ̀ tipẹ́. A pínyà. Ó gbé ẹ̀rọ lọ torí òun ló rà á. Mo di aṣọ funfun mú torí èmi ni mo rán etí rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ ṣe di méjì nìyẹn. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ wà, aṣọ kò sí, ara ògiri tó sán láàárín ni wọ́n ń wo àwòrán sí. Gbogbo ilé tí wọ́n bá wò ló sán, títí kan èyí tí wọn kò tíì kọ́. Lọ́dọ̀ mi, aṣọ wà, ẹ̀rọ kò sí. A ń fi péègì tí wọ́n fi ń sá aṣọ há bébà mọ́ ọn, fáànù ń fẹ́ ẹ já, àwọn tó wà lẹ́yìn ń gun àga. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń lọ síbi méjèèjì. Wọ́n á gbé ìbéèrè mi lọ bá a, wọ́n á sì gbé ìdáhùn rẹ̀ wá bí ẹni pé àwọn ló rò ó. Mo máa ń dá a mọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kì í tín-ín-rín.

Ilé ìgbẹ̀bí kan wà ní ìparí òpópónà wa. Òrùlé dẹ́kì kọnkéré ni wọ́n dà sí i, oòrùn sì ń yan án láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ooru á wá máa bọ́ sórí àwọn aboyún. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n rà kò rí iná jẹ. Ẹni tó ni ilé ní òun á wó o, òun á fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àgbà nọ́ọ̀sì wọn wá bẹ̀ mí kí n wá wò ó. Kò mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀; ó ti bẹ Bàbá Kọnkéré náà. Nígbà tí mo gun orí dẹ́kì, òun ni mo bá níbẹ̀, ó di etí kan téèpù mú, kò rí ẹni bá a di etí kejì. Mo dì í mú. A kò kí ara wa. Ó ń pe nọ́ńbà, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní dẹ́kì náà lágbára láti gbé òrùlé páànù fẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn sórí, kí àyè wà láàárín méjèèjì tí atẹ́gùn á máa gbà kọjá. Mo ní kí a lu ihò sí òkè ògiri kí ooru rí ọ̀nà jáde, kí a sì gbin igi síhà ìwọ̀ oòrùn. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ dé, ẹgbẹ́ tèmi dé, gbogbo wọn ń jiyàn lórí dẹ́kì, kò sì sí ẹni tó rántí ẹgbẹ́ tó wà mọ́. Iṣẹ́ náà gba àkókò, ṣùgbọ́n ó yọrí. Wọn kò wó ilé náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Lọ́jọ́ tí a lọ wò ó, àgbà nọ́ọ̀sì wo èmi, ó wo ọkọ mi, ó ní, “Ilé tiwa ti tutù. Ti ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́?”

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé ẹ̀rọ náà rù, wọn kò tọrọ àyè, wọ́n gbé e wá sí pálọ̀ mi, òun náà sì ń tẹ̀ lé e bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fa ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, ó ní, “Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ẹnu mi ló wó o.” Ó tan ẹ̀rọ. Àwòrán ìgbéyàwó wa ló gbé sórí aṣọ funfun mi.

Mo ní kó gbé e kúrò, pé ìpàdé la wà. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

A kò tún fẹ́ ara wa. Ilé rẹ̀ wà, ilé mi wà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí mo ń kó ife sí. Aṣọ funfun náà ti di tirẹ̀ báyìí. Kó má fi nu ẹsẹ̀.

4. Òkè ilé mi, mo fi fún àwọn ọmọ mi méjèèjì ní dọ́gba-n-dọ́gba. Ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ tà láìjẹ́ pé èkejì fọwọ́ sí i.

Ọmọkùnrin mi, ìwọ ni mo ń bá sọ. Akáńtáǹtì ni ọ́, o sì ti ṣe ìṣirò ilé yìí fún mi lọ́pọ̀ ìgbà, pé bí a bá tà á, owó rẹ̀ á kọ́ ilé méjì. Ìṣirò rẹ tọ̀nà. Mo rántí nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá ayàwòrán kan lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, tí o wá bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé àwọn èèyàn yìí ò nílé ni? Ṣebí àwọn ló ń kọ́lé?” Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, mi ò dá ọ lóhùn.

Mo tún rántí ọkùnrin tí o mú wá kó wá wo ilé yìí rà, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìpàdé lẹ dé. Ó ní kí òun fi ẹ̀yìn ti nǹkan díẹ̀ kí òun tó gòkè. Ọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rùsí tó ń gbóná là ń sọ, òun náà sì ní ilé ìkẹ́rùsí tó ń gbóná. Ó béèrè ọ̀kan, ó béèrè èkejì, ilẹ̀ ṣú, kò gòkè. Láti ọjọ́ náà kò pa ìpàdé jẹ. O ní mo gba oníbàárà rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Òótọ́ ni, mi ò sì lè dá a padà. Òun ni akápò wa báyìí.

Torí náà, yàrá tí o gbé dàgbà, tìrẹ nìkan ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ lọ́yà. Ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi bébà kan, bíríkì kan tàbí èèyàn kan síbẹ̀ láéláé.

5. Ilẹ̀ mi tó wà lẹ́bàá odò, ọmọkùnrin mi yìí kan náà ni mo fún. Kó tà á bó bá wù ú, mi ò so ohunkóhun mọ́ ọn. Pé kó má kọ́lé sójú ọ̀nà omi, ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Omi ló ni òfin.

6. Pátákó ìyàwòrán mi, àwọn rúlà mi àti àga gíga tí mo ń jókòó lé, mo fi fún ọmọbìnrin mi. Mo mọ̀ pé orí kọ̀ǹpútà lo ti ń yàwòrán, o sì ti sọ pé pátákó náà tóbi. Máa jẹun lórí rẹ̀. Nígbà tí o yan láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ dípò ọ̀dọ̀ mi, mo fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú. Lẹ́yìn náà mo lọ yọ́ wo ilé tí o kọ́kọ́ kọ́. Òpó bàbá rẹ ni, fèrèsé ìyá rẹ ni. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀ bí aláìríṣẹ́ títí ọlọ́dẹ fi bi mí pé ta ni mo ń wá.

7. Ológbò mi, mo fi fún Akọ̀wé. Orí àwòrán tó bá ṣe pàtàkì jù nínú ilé ló máa ń sùn lé. Bí kò bá sùn lé tìrẹ, tún un yà.

8. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú mi, ilé mi yìí ni kí ẹgbẹ́ yẹ̀ wò. Kí wọ́n má ṣàánú mi. Ọmọkùnrin mi ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ló gbé inú rẹ̀ láìyan án. Ó mọ àtẹ̀gùn tó ga jù, ó mọ ibi tí a kì í ti í gbádùn oorun. Kò sí ẹni nínú wa tó bi í rí.

9. Kí wọ́n má da kọnkéré bo sàréè mi. Igi tó níbòji ni kí wọ́n gbìn síbẹ̀. Bí Bàbá Kọnkéré bá fẹ́ jiyàn, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ sì ṣe bí mo ṣe wí.

Ó parí. Ara mi le o; kí ẹnikẹ́ni má tíì máa fi téèpù wọn ilé mi. Lọ́yà ní ẹni tó bá jogún kò lè ṣẹlẹ́rìí, ó sì lé ọkọ mi àtijọ́ síta. Inú mọ́tò ló wà níwájú ilé báyìí, ó ń fọn fèrè ṣáá. Wọ́n ń gbé òrùlé iléèwé kan lé lónìí, àwa méjèèjì la fẹ́ lọ wò ó. Mo ti yọjú sí i pé kó ní sùúrù, ó ní oòrùn kò ní sùúrù. Mo fọwọ́ sí i níbí, mo sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ mi rèé: Ìyá Fèrèsé
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2025

Àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n rí i nígbà tó fọwọ́ sí i, tí àwọn náà sì fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀:
Dókítà, tí yóò yí fèrèsé rẹ̀ padà
Àgbà nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí, tó ti fẹ̀yìn tì