Ọwọ́ Àbúrò Mi Lẹ́nu Ìgbín

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Mo ṣubú. Àpótí ni mo gùn láti gbé Ìgbín, ìwo idẹ mi, sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbín kò fara pa, àyà ni mo fi gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni kò ríbi sá sí.

Dókítà ti rọ símẹ́ńtì yí i ká láti ìka dé ìgúnpá. Ó ní kí n ṣe sùúrù, eegun arúgbó kì í yára. Mo ní èmi náà kì í yára mọ́, a ó jọ máa rìn ín.

Ìyá wọn, aya mi, ló mú mi délé. Ó wá ní, "Ẹ kú ìgboyà o. Ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń gun àpótí." Mo ní n kò tíì pé ọgọ́rin. Ó ní, "Ẹ máa gùn ún lọ. Ẹ ò sì ní í pé e."

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ èyí. Ó jọ ìrìn alákàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Kí n kọ wàhálà náà sílẹ̀, bóyá yóò kéré sí i lójú mi.

Olùdarí tuntun ẹgbẹ́ olórin wa àtijọ́ ló pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin ni, ohùn rẹ̀ mọ́ bí ohùn ẹni tó ti wẹ̀. Wọ́n ti tún òrùlé gbọ̀ngàn ṣe, wọ́n fẹ́ ṣí i padà ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún. Ó ní kí n wá fọn ìbẹ̀rẹ̀ orin tí a máa ń pè ní Àfẹ̀mọ́júmọ́, níbi tí ìwo ti ń dá sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbè é. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ mí nígbà ayé mi. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti ní, "Mò ń bọ̀."

Ọwọ́ ọ̀tún wá kán. Ọwọ́ òsì ló ń tẹ bọ́tìnì Ìgbín, ìyẹn kò níṣòro. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló ń wọ ẹnu ńlá rẹ̀ lẹ́yìn, òun ló ń tọ́ ohùn. Bí ọwọ́ bá wọlé jù, ohùn á sọ̀ kalẹ̀, á di ti ẹni tó bo orí mọ́ aṣọ. Bí ọwọ́ kò bá sí níbẹ̀ rárá, ohùn á ga, á máa ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Idẹ tí wọ́n ká bí ìkarahun, tó dá mi lágara fún ogójì ọdún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo ti símẹ́ńtì bọ ẹnu Ìgbín. Ó há. Ìyá wọn fi ọṣẹ yọ mí bí òrùka.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ìyá wọn gbà láti fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán ni. Bí mo bá ti fọn, á bú sẹ́rìn-ín: ó ní ṣe ni ó dà bíi pé ẹran ọ̀sìn kan ń mí sí òun lọ́wọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ wọnú ohùn, ohùn ń gbọ̀n. A kò fọn ìlà kan délẹ̀.

Nígbà tí ó nu ọwọ́ tán, ó ní, "Ẹni tó mọ ibi tí ọwọ́ ń gbé ń bẹ ní òpópónà kejì. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ mu ọmú kan náà."

Mo ní kí ó gbé omi wá fún mi. N kò mu omi náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ìkejì. Orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn. Àbúrò mi ni. Èmi fọn ìwo kìíní, òun fọn ìkejì, a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa títí irun wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ní gbogbo ìgbà yẹn kò dá fọn rí. Ibà gbé mi ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìkejì ti lọ aṣọ rẹ̀, ó ti dúró lẹ́yìn pèpéle. Mo dìde, mo gbé ibà lọ. Mo fọn ún tán, mo bì sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Wọ́n pè mí ní akọni. Akọni kọ́. Ahun ni.

Òmíràn ṣì wà. Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ohùn ẹnikẹ́ni bá fọ́ nígbà ìdánrawò, á na ọwọ́ sókè, kí olùdarí má baà máa wá a kiri. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀, orin á tẹ̀ síwájú. Èmi kò na ọwọ́ rí. Bí tèmi bá fọ́, n ó yí ojú, n ó wo Ìkejì bí ẹni pé tirẹ̀ ló fọ́. Lọ́jọ́ kan tèmi fọ́ bí àwo. Mo yí ojú, mo wò ó. Ó na ọwọ́ sókè. Ó gbà á fún mi. Inú ń bí olùdarí ìgbà náà lọ́jọ́ yẹn, ó fi ọ̀rọ̀ nà án níwájú gbogbo ẹgbẹ́, mo sì jókòó, mò ń da itọ́ inú ìwo mi nù. Kò pẹ́ sí i tó kúrò, tó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Láti ìgbà náà à ń kí ara wa, à ń bára wa jẹun, à ń sin òkú pọ̀. A kì í sọ̀rọ̀ ìwo.

Mo lọ bá a lónìí. Ó ń gán kọ́là ẹ̀wù, abẹ́rẹ́ kún ẹnu rẹ̀. Mo sọ tẹnu mi. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó rẹ́rìn-ín, ọlọ́gbọ́n ènìyàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ nìkan? Ẹ ò fẹ́ ìyókù mi?"

Mo ní ọwọ́ náà ni mo rí tọrọ.

Ó wo símẹ́ńtì mi títí. Ó ní, "Kí n parí kọ́là yìí. N ó wá lọ́jọ́rú."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ó wá! Ó wo Ìgbín, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ ti wẹ ẹran yìí gbẹ̀yìn?"

A fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ nínú ọpọ́n. Ohun tó jáde láti inú rẹ̀, n kò ní kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọ mi lè kà. Okùn wẹ́wẹ́ tó so bọ́tìnì mọ́ fáàfù, ẹ̀rọ tó ń darí èémí nínú rẹ̀, ti gbó. Ìkejì so tuntun láìlo awò ojú, ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi kọ́ wa, ó yí i bí ejò méjì tó ń jà.

Ó wá kan páìpù tí a ń fà jáde tàbí tì wọlé láti fi bá ohùn àwọn yòókù mu. Kò mira. Ó ti lẹ̀ mọ́ inú ilé rẹ̀. Mo rántí pé n kò fà á mọ́ láti ìgbà tí Ìkejì ṣì jókòó tì mí. Kí ni mo fẹ́ fà á fún? Èmi ni ìwo kìíní.

Ìkejì rọ òróró sí i, ó fi ọ̀já aṣọ kọ́ ọ, ó ní kí n di Ìgbín mú láàárín orúnkún. Ó fà á gidi. *Pó!* Páìpù já, Ìkejì já lé àga, Ìyá wọn sáré wọlé pé ta ni wọ́n yìnbọn fún.

A fi gírísì sí i, a tì í padà, a lọ bá dùùrù tó wà ní pálọ̀. Mo tẹ ẹ̀kan, mo fọn ẹ̀kan, Ìkejì fi ọwọ́ sí ẹnu ńlá. Àfi ìgbà tí a fa páìpù náà jáde tó ìbú ìka kan kí Ìgbín tó bá dùùrù mu. Ìbú ìka kan! Ìyẹn ni pé ní gbogbo ọdún tí mò ń sọ fún Ìkejì pé ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, èmi ni mo ga.

Mo wò ó. Mo ní, "Ṣé o mọ̀?"

"A mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀. Àwa là ń gòkè wá bá yín."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

A mọ̀, ó ní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Arúgbó méjì, ìwo kan. Èmi níwájú, Ìkejì lẹ́yìn, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gun mi léjìká, ọwọ́ rẹ̀ nínú Ìgbín. "Ẹ má mì." "Ìwọ lò ń mì." "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mí kí ẹ tó fọn, ẹ má mí lẹ́yìn rẹ̀." Aládùúgbò wa yọjú lójú fèrèsé, ó bi wá bóyá òun lè ràn wá lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohùn náà! N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu Ìgbín rí. Ó jáde rọ̀ṣọ̀mù, ó jókòó sáàárín iyàrá bí àlejò tó ní ìwà. Mo mọ̀ pé ẹ̀mí mi ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló tọ́ ọ.

Ìkejì lọ tán, Ìyá wọn ní, "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ọkọ mi yẹn ní ọwọ́ méjèèjì. Eyín rẹ̀ pé. Ẹ̀yin ní ọwọ́ kan àti eyín tó ń sùn nínú ife. Òun ló wá ń ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ lè fọn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ nìyẹn?"

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mò ń bá Ìyá wọn bínú. Mo kẹ̀yìn sí i jẹun. Oúnjẹ náà dùn, èyí kò ràn mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo dé láti ọ̀dọ̀ dókítà. Símẹ́ńtì kò tíì lè kúrò. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ Ìgbín.

Ìkejì ti tètè dé, ó ti gbé e. Ó ń fọn Àfẹ̀mọ́júmọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń wá a bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tó yá ó rí i. Ó fọn ún tí kò kánjú — èmi máa ń kánjú níbẹ̀, kí àtẹ́wọ́ lè tètè dé. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀ lórí, ọ̀rọ̀ tó jókòó tì fún gbogbo ọdún yẹn láìrí i sọ.

Ìlara kọ́kọ́ gún mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí òótọ́ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí i pé mo ti fi símẹ́ńtì nu ojú, ó sì ha mí nímú.

Mo dúró títí ó fi parí kí n tó ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti gbé Ìgbín kalẹ̀, ó ń wo àjà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo sọ fún un pé òun ni yóò fọn ún. Ó kọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n pè. Mo ti dàgbà. Àwọn oníbàárà mi ńkọ́?" Mo ní mo ti pe Olùdarí lórí fóònù lówùúrọ̀, ó ti gbà. Ìkejì fi ìka tẹ bọ́tìnì kan, ó fi í sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá fọ́ ńkọ́?"

"A ó kó àfọ́kù rẹ̀."

Ẹ̀rín pa á. Ẹ̀rù ṣì wà lójú rẹ̀, mo rí i. Èmi ni mo fi síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Òróró sí fáàfù, gírísì díẹ̀ sí páìpù. Aṣọ fífẹ́lẹ́ ni mo fi nu ara Ìgbín. Ìkejì rán ẹ̀wù fún mi, apá ọ̀tún rẹ̀ fẹ̀ bí àpò ìrẹsì nítorí símẹ́ńtì. Ìyá wọn ní mo dà bí ẹni tó fẹ́ lọ jí adìyẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Gbọ̀ngàn kún. Ó ń ta òórùn ọ̀dà tuntun. Mo jókòó lórí àga ìwo kejì, aṣọ ìnuwọ́ lórí orúnkún, kò sí ìwo lọ́wọ́ mi. Ìkejì lórí àga tèmi. Olùdarí gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

Ohùn kìíní jáde. Ohùn kejì tẹ̀lé e. Ohùn kẹta fọ́.

Ó fọ́ gan-an. Gbogbo ènìyàn gbọ́. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn Ìkejì tó le. Ó ń dúró de ojú mi, kí n yí i, kí n wò ó bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu Ìgbín.

Mo na símẹ́ńtì sókè.

Mo nà án sókè réré, bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. Wọn kì í na ọwọ́ níwájú èrò, ìdánrawò nìkan ni. Olùdarí wò mí, arúgbó aláìníwo, ọwọ́ funfun gbalaja lókè. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó kù lẹ́yìn, àwọn tó mọ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Onílù fi ọ̀pá bo ẹnu. Ó ràn mọ́ èrò, gbọ̀ngàn mì.

Ìkejì kò yíjú. Ó rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbín ò sí lọ́wọ́ yín." Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

Olùdarí nu ojú, ó tún gbé ọ̀pá sókè. Ìkejì mí. Ó fọn ún.

Ilẹ̀ mọ́ nínú gbọ̀ngàn náà. Iwájú ni mo ń wò, n kò wò ó rárá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìgbín wà ní ilé Ìkejì. N kò lè pe àbúrò mi ní Ìkejì mọ́, n ó wá orúkọ mìíràn.

Èjìká ń ro mí. Ìyá wọn fi omi gbígbóná jó o, ó ń rẹ́rìn-ín. Símẹ́ńtì wúwo, ó ní, ta ló ní kí ẹ nà án sókè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?