Àká Kẹrin àti Ọjọ́ Ajé Tó Ń Bọ̀

Yàrá Kejì, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ẹ̀yìn Ilé Iṣẹ́ Àká Ọkà.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ààbò Lẹ́nu Iṣẹ́,
Ilé Alájà Mẹ́ta, Òpópónà Ilé Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ WỌ ÀKÁ KẸRIN NÍ ỌJỌ́ AJÉ, ÀTI ÀTÚNṢE SÍ Ẹ̀RÍ TÍ MO JẸ́ NÍWÁJÚ YÍN

1. Èmi ni mo ń darí ẹ̀rọ tó ń fa àgbàdo jáde nísàlẹ̀ Àká Kẹrin. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Ní àná, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, pé ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀kan nínú àwa òṣìṣẹ́, yóò wọ inú àká náà láti fọ́ àgbàdo tó ti dì pọ̀, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lè rí ẹrù kó ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí kan náà ni àgbàdo bò dé àyà nínú àká yìí kan náà ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ dá iṣẹ́ náà dúró, nítorí kò sí ohun tó yí padà láti ọjọ́ náà, àfi pátákó tuntun kan.

2. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kọ pátákó náà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìgbàṣẹ. Wọ́n ti kọ ọ́, ọ̀dà pupa ni wọ́n lò, ó sì hàn ketekete. Ẹ má bínú sí mi, ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbàṣẹ. Alábòójútó iṣẹ́ wa ló rán an, nítorí ihò tí a ń gbà wọlé kéré, òun nìkan ló sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó o.

3. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín má tí ì dé inú àká irin rí. Bí òjò bá jò wọlé láti òkè, àgbàdo orí yóò lẹ̀ mọ́ra, yóò le bí ilẹ̀ tí èèyàn lè dúró lé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti fa tìsàlẹ̀ lọ, abẹ́ rẹ̀ á ti ṣófo, ẹni tó bá sì dúró síbẹ̀ á já wọlé. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn wà nínú rẹ̀, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: àgbàdo yóò máa ṣàn lọ sí àárín, yóò sì máa fa onítọ̀hún lọ. Kí ẹ tó ka ogún, ó ti dé orúnkún, bó bá sì ti dé orúnkún, kò sí ẹni tó lè dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yọ mọ́. Mo ti rí ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n fi okùn fa ẹnì kan lábẹ́ abíyá, tí wọn kò lè sún un kúrò lójú kan.

4. Bí a ṣe ń dáàbò bo ara wa nìyí, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ àká yóò fi fìlà rẹ̀ kọ́ ọwọ́ súwíìsì tí a fi ń tan ẹ̀rọ. Ẹni yòówù tó bá rí fìlà níbẹ̀ kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí onífìlà yóò fi jáde wá mú un. Kò sí àgádágodo, kò sí ìwé tí a ń kọ orúkọ sí. Kálukú mọ fìlà ẹnì kejì rẹ̀ bó ṣe mọ bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bá a ṣe bá a nìyẹn, a sì máa ń fi ẹni tó bá wá síṣẹ́ láìdé fìlà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀run ń yá a.

5. Ní ọjọ́ tí mò ń wí, àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ ìyàwó Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ti fọ fìlà ọkọ rẹ̀, kò sì tí ì gbẹ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yá ti alábòójútó, èyí aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi òwú pupa lẹ̀. Ó fi kọ́ súwíìsì, ó sì wọlé. Gírísì ni mo lọ bù. Nígbà tí mo dé, mo rí fìlà náà, mo sì rí alábòójútó fúnra rẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n, láìdé fìlà, tí òun àti awakọ̀ kan ń sọ̀rọ̀.

6. Níwájú yín, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà, mo ní n kò rí fìlà kankan. Alábòójútó ní òun kò yá ẹnikẹ́ni ní fìlà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì wà ní ọsibítù, egungun ìhà rẹ̀ méjì ti sán, ẹ kò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló jẹ̀bi. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìjókòó yín, alábòójútó ti wá bá mi nílé. Ó ní bí a bá sọ bó ṣe rí, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì, àti pé ikú tó fẹ́ pa ni tó ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́ ni. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ikú kọ́ ló ṣí fìlà yẹn. Èmi ni. Mo rò pé alábòójútó ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo rí i pé kò yẹ kí fìlà àgbà máa gba eruku, mo mú un, mo gbọ̀n ọ́n, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí àga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tan ẹ̀rọ. Irọ́ ni mo pa fún yín, n kò sì ní àwáwí.

7. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló gbọ́ tí nǹkan ń lu ara àká láti inú, tó figbe ta pé kí n pa ẹ̀rọ. Àwọn panápaná fi ayùn irin gé ara àká kí àgbàdo lè tú jáde, ó sì tó wákàtí méjì kí wọ́n tó yọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú irin, ó ń pe ìyá rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó gbà báyìí pé òun ni kò kọ́ fìlà náà dáadáa, tó fi já bọ́. Lọ́jọ́ tó kúrò ní ọsibítù, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó ní kí n má bínú sí wàhálà tí òun kó mi sí. Mo ní kó dìde, mo ní ó ti tán. Títí di òní, kò mọ̀ pé èmi ni mo mú fìlà náà.

8. N kò kọ ìwé yìí láti ba alábòójútó jẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ba àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, mo sì fẹ́ kó bá a kí Ọjọ́ Ajé tó pé. Ìyà tó bá tọ́ sí mi, mo ti ṣe tán.

9. Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Kí wọ́n fi ọ̀pá gígùn fọ́ àgbàdo náà láti ẹnu ihò òkè, kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá, kí wọ́n ti súwíìsì pa pẹ̀lú àgádágodo, kí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo wà lápò ẹni tó ń wọlé. Kí wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ inú àká wò, kí onítọ̀hún de bẹ́líìtì àti okùn tí a so mọ́ òkè, kí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ihò tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa wò ó. Kí ẹ sì pa orúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́ níbi tí ẹ kọ ẹ̀bi sí, kí ẹ kọ tèmi síbẹ̀.

10. Ní àná, lẹ́yìn tí wọ́n lẹ ìwé náà, àbúrò mi bi mí pé ta ni yóò wà nídìí ẹ̀rọ ní Ọjọ́ Ajé. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn mi balẹ̀." Ó sì ń bá aṣọ tó ń ká lọ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ fún obìnrin náà ní ohun mìíràn tí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ ka ìwé yìí dópin.

Èmi ni tiyín, tó ń retí èsì yín kí Ọjọ́ Ajé tó mọ́,

Adarí Ẹ̀rọ, Àká Kẹrin.