Bírò Pupa Ọmọ́yẹni Dé Akaka

Ilé Akínyọdé,
Akaka Rẹ́mọ.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejìlá, ọdún 1983.

Ọmọ́yẹni, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ní Yábàá náà ń ṣe dáadáa? Bí o bá béèrè tèmi, mo wà, ẹ̀yìn kò dùn mí mọ́ bíi ti ọjọ́sí, eyín tó ń dà mí láàmú náà sì ti kúrò lẹ́nu mi. Ọlọ́run tó dá ọ sí di òní kò ní í jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì, ohun tí o bá dáwọ́ lé ni yóò máa yọrí, ọ̀gá rẹ kò sì ní í rí ìdí tí yóò fi bínú sí ọ. Ìkíni tèmi parí síbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ojú ìwé kan gbáko ni ìkíni nìkan máa ń gbà lọ́wọ́ mi, àmọ́ mo ti yípadà, ohun tó yí mi padà ni mo sì fẹ́ rò fún ọ.

Àṣàbí àbúrò mi kí ọ. Ó se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó bu tìrẹ sọ́tọ̀, ó sì ti bò ó dáadáa kó tó rántí pé Èkó lo wà, ni mo bá bá ọ jẹ ẹ́. Obì ọdún yìí so, ewúrẹ́ rẹ tó funfun sì ti bí méjì.

Nígbà tí lẹ́tà mi tí mo kọ sí ọ padà dé lóṣù kẹsàn-án, tí mo rí i pé o ti fi bírò pupa fa ìlà sí i káàkiri, inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé yẹn ni kí o máa ka ìwé àwọn ẹni ńlá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí o sì máa fi bírò pupa ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo wá rò pé o ti ka lẹ́tà bàbá rẹ mọ́ tàwọn ẹni ńlá. Mo gbé e lọ bá káfíńtà, ó fi gíláàsì àti férémù sí i, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sátífíkéètì Sítáńdádì Síìsì mi. Bí àlejò bá wọlé, màá fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọn ọ̀rọ̀ tí o fa ìlà gba orí wọn, màá ní ìwọ̀nyí ló dùn mọ́ ọmọ mi jù. Mo tilẹ̀ kà wọ́n nípàdé ẹgbẹ́ ìlú, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Tíṣà Dúrótìmí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ló ba nǹkan jẹ́. Ó wá kí mi, ó wo férémù náà títí, ó wá rọra sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, ohun tí wọ́n bá fi bírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀, wọ́n ní kó kúrò níbẹ̀ ni. Ọmọ́yẹni, ojú tì mí. Odindi ọjọ́ méjì ni oúnjẹ kò wù mí jẹ. Èmi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìlú láti ọdún mọ́kàndínlógún, èmi tí n kì í pe òjò ní òjò àfi kí n pè é ní omi ìbùkún tí ń ti òkè ọ̀run rọ̀ wá. Mo fẹ́ bínú sí ọ. Lọ́jọ́ kẹta ni mo wá ronú pé, nínú gbogbo Akaka yìí, ọmọ ta ló lè rí àṣìṣe nínú lẹ́tà bàbá rẹ̀? Ọmọ Olóyè Lásúnkànmí kò lè ṣe é, bó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tó nì. Inú mi tún dùn padà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Férémù náà ṣì wà lára ògiri.

Mo wá jókòó ka bébà kékeré tí o fi ti lẹ́tà náà lẹ́yìn, èyí tí n kò kà tẹ́lẹ̀ nítorí ayọ̀. O ní nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí n wá ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí n jẹ́ kí àwọn tó kàn jókòó síbẹ̀ máa lọ sinmi. Kò yé mi títí di ọjọ́ tí mo ń ṣa obì. O mọ̀ pé a kì í da gbogbo obì sínú agbọ̀n. A máa bó o, a máa fọ̀ ọ́, a máa wo ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú, èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀ la máa yọ sẹ́yìn, bó ti wù kó tóbi tó, torí bó bá bá wọn wọ agbọ̀n, á ba ìyókù jẹ́. Mo rí i pé ó ti ju ogójì ọdún lọ tí mo ti ń ṣa obì, n kò sì ṣa ọ̀rọ̀ rí. Ohun kan ni mo fẹ́ béèrè. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ń yọ kúrò níbi iṣẹ́ yín, ṣé ẹ máa ń dá wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n? Tíṣà ní ẹ kì í dá a padà. Èyí kò dára, ẹ máa dá a padà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí. O mọ̀ pé ilé ìgbẹ̀bí tí a dáwó kọ́ ti wà ní títì fún ọdún márùn-ún nítorí pé ìjọba kò fún wa ní nọ́ọ̀sì, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Ṣàgámù la ń gbé aboyún wa lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìlú ní kí n kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba lọ́dún tó kọjá, ojú ìwé mẹ́sàn-án ni mo kọ. Mo kí ọ̀gá ibẹ̀, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ bóyá ó bí. Lẹ́yìn náà ni mo to orúkọ àwọn olóyè wa lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú oríkì wọn, nítorí kò sí èyí tó máa gbà kí wọ́n fo òun. Olóyè Lásúnkànmí nìkan gba ojú ìwé kan àtààbọ̀. Ìlà méjì tó kẹ́yìn ojú ìwé kẹsàn-án ni mo ti dárúkọ nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin wọ́n dá wa lóhùn. Ọ́fíìsì náà, tí n kò ní í dárúkọ nítorí ọmọ ènìyàn náà ló wà níbẹ̀, dúpẹ́ gidigidi fún ìkíni wa, wọ́n ní ká bá àwọn kí gbogbo àwọn olóyè padà, wọ́n sì fi kàlẹ́ńdà mẹ́ta ránṣẹ́. Inú ìlú dùn. Ìjà kékeré tilẹ̀ wà lórí ẹni tí kàlẹ́ńdà kẹta tọ́ sí. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnì kan tó béèrè pé nọ́ọ̀sì ńkọ́.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá yìí, mo lọ bá wọn níbẹ̀. Akọ̀wé wọn ní lẹ́tà wa wà nínú fáìlì. Mo béèrè ohun tó ṣe tí wọ́n fi tì í mọ́bẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n máa tú u sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí n lọ kọ ọ́ wá. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ohun tí ìlú ń fẹ́ sí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Àánú ìjọba ṣe mí. Mo mọ̀ pé nǹkan le, mo mọ̀ pé mílíìkì àti ṣúgà ti di góòlù lọ́jà, àmọ́ n kò mọ̀ pé ó ti burú débi pé ìjọba kò rí bébà tó fẹ̀ lò mọ́. Lọ́jọ́ tí mo dá fọ́ọ̀mù padà, mo ra ìdì bébà kan dání fún wọn, mo sì bá wọn kẹ́dùn. Akọ̀wé náà wò mí títí, ó gba bébà náà, ó sì ṣe àmín.

Àmọ́ kí n tó dá a padà, mo pe àwọn àgbà jọ sí pálọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo sọ fún wọn pé lọ́tẹ̀ yìí kò sí orúkọ olóyè kankan nínú ohun tí mo kọ. Ilé gbóná. Olóyè Lásúnkànmí dìde, wọ́n ní ṣé báyìí la ṣe ń wọlé onílé, láìdọ̀bálẹ̀, láìkí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí àwọn ti joyè, ìwé kan kò jáde rí ní Akaka tí orúkọ àwọn kò sí nínú rẹ̀, títí kan èyí tí a fi ń wá màlúù tó sọnù. Mo ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé ọmọlúàbí nìjọba. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n dá orúkọ àwọn padà síbẹ̀ tàbí kí n gbé ìwé ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún akọ̀wé mìíràn. Mo wo ìyàwó Lìádì aránṣọ tó ń kọjá lójúde, oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbà, kàlẹ́ńdà la tún máa rí gbà.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n ka ohun tí mo kọ sétí wọn ná. Ọmọ́yẹni, fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí a ti pàdánù ìyá rẹ. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kọ, àti lára sàréè rẹ̀ pàápàá, ó papò dà ni mo ń kọ, ó relé ògo, ó wọ káà ilẹ̀ lọ. Nínú lẹ́tà tí o dá padà, mo kọ ọ́ pé ìyá rẹ bọ́ aṣọ ayé sílẹ̀, o sì fa ìlà pupa gba orí rẹ̀, o kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wá mọ ohun tí ìlà náà wà fún, ó dùn mí dé egungun. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù yìí, tí mo wo àyè ìka mẹ́ta náà, mo rí i pé aṣọ ayé kò lè gbà síbẹ̀. Ohun tí mo kọ, tí mo sì kà fún wọn, ni pé: A kí yín. Ojúọlá ìyàwó mi kú lójú ọ̀nà Ṣàgámù, ọmọ inú rẹ̀ kò tíì jáde. Aboyún mẹ́rin ló wà ní Akaka báyìí. A fẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà náà, o lè má mọ̀ pé ọkọ̀ Olóyè Lásúnkànmí la fi gbé ìyá rẹ, àti pé orí itan wọn ni orí rẹ̀ wà nígbà tó kú. Èmi àti àwọn kò bá ara wa sọ ọ́ rí láti ọjọ́ náà. Olóyè jókòó. Wọ́n ní kí n mú ẹ̀dà lẹ́tà olójú ìwé mẹ́sàn-án wá, kí n fi ibi tí orúkọ àwọn wà han àwọn. Wọn kò kàwé, àmọ́ wọ́n mọ bí orúkọ wọn ṣe rí. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn pa á rẹ́. Ìlà náà wọ́. Wọ́n na bírò sí ẹni tó tẹ̀ lé wọn, òun náà pa tirẹ̀, báyìí ni bírò ṣe yí ilé ká. Ohun tí wọ́n ní kí n gbà wọ́n láyè ṣe kò ju pé kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò sẹ́yìn fọ́ọ̀mù lọ, mo sì gbà. Àtàǹpàkò mọ́kànlá ló wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì dé. Sàdíátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀fìn ní Ṣàgámù. Ó ní ìlú mẹ́fà ni wọ́n ń wá agbẹ̀bí fún, kò sì sí ẹni tó fẹ́ lọ sí oko nínú àwọn, òun pàápàá kò fẹ́. Ìgbà tí wọ́n wá ka fọ́ọ̀mù tiwa jáde ni òun nawọ́. Kó tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ló ti béèrè pé ta ni ọkọ Ojúọlá. Mo dìde níwájú gbogbo ìlú. Mo ṣe ọkùnrin níbẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo wọ iyàrá, mo sunkún dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ mi ló kọ́ mi. Bí wọ́n bá ní mò ń fi ọ́ yangàn, òótọ́ ni, mò ń fi ọ́ yangàn.

Bí owó oṣù rẹ bá dé, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ibùsùn ilé ìgbẹ̀bí kò ní mátírẹ́ẹ̀sì, àtùpà wọn kò sì ní gíláàsì. Bí ó bá kù, fi ra tábà ìmú fún Àṣàbí. Má fi sí báńkì o. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, nígbà tí mo lọ gbà á, kì í ṣe owó rẹ ni wọ́n fún mi, owó ẹlòmíràn ni, gbogbo rẹ̀ ló ti gbó, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi kì í ná owó gbígbó. Fún Afọláyan onímọ́tò, yóò gbé e dé ọwọ́ mi bí o ṣe fún un gẹ́lẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í di àwátì. Ibi tí wọ́n bá ti ń dárúkọ ẹni rere, wọn kò ní í fo tìrẹ. Ìwọ náà yóò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ, ọmọ rẹ yóò sì mọ̀ ọ́ ní ìyá títí tí yóò fi dàgbà.

Ìyàwó Lìádì bímọ láàárọ̀ àná, òun ni ìkẹrin láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti dé. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tó ga sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo wá a títí, n kò rí èyí tó ju èyí lọ: àwọn ìyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínyọdé.