Rìsíìtì Kan Ṣoṣo Tí Àyànlọ́wọ̀ Kọ Rí

                                        Ilé Bọ̀dá Olúwaníyì,
                                        Ẹ̀yìn Gáréèjì,
                                        Òrè,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 1997.

Monílọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọ̀ díẹ̀, àbí òtútù Lọ́ńdọ̀nù kò gbà fún wọn? Bá mi kí àbúrò rẹ tó ń ṣe ìdánwò, Ọlọ́run á bá a ṣe é. Ara tèmi le, a dúpẹ́. A jọ pinnu kí n tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá síbí pé Yorùbá nìkan la ó máa fi kọ̀wé síra wa, n kò sì ní yẹ àdéhùn. Má bínú sí ibi tí mo bá ti ṣì í kọ.

Jọ̀ọ́, àwọn dísìkì tí mo ní kí o bá mi gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ wa, má fi wọ́n ránṣẹ́. Má tún pe ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ̀dà rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ, sun ún.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. O mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni Bọ̀dá Olúwaníyì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fi ń jẹun níbí. Àwọn ló ń bá àwọn oníṣòwò pákó fi ìwé ránṣẹ́ lórí wáyà tẹlifóònù. Nínú oṣù kejì, ẹnìkan gba orí wáyà yẹn wọlé, ó ba ìwé àwọn oníbàárà jẹ́. Èmi tí mo kàwé nípa rẹ̀ ni mo sọ pé a nílò ẹ̀rọ aṣọ́nà, èyí tí wọ́n ń pè ní fáyáwọ́ọ̀lù, tí yóò dúró láàrin kọ̀ǹpútà wa àti wáyà, tí kò ní jẹ́ kí àlejò tí a kò pè wọlé. Tuntun kò ṣeé fẹnu bà lásìkò ọ̀wọ́n gógó yìí. Ni Àǹtí Joanna, ìyàwó Bọ̀dá, bá ní ká lọ bá Àyànlọ́wọ̀ tó ń ta ẹrù àlòkù ní gáréèjì. Ó yọ ọ́ jáde nínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó ti wáyà rẹ̀ bọ iná. "Bẹ́líjíọ̀mù gidi, àǹtí mi! Ẹ fetí sí i, ó ń mí."

Ó ń mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ọdẹ arúgbó tí kò mọ olè òde òní. Àtúnṣe tuntun tó máa fi mọ̀ wọ́n, orí dísìkì ló ń wà, ilé-iṣẹ́ náà kì í sì í fún ẹni tí láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò, kò bá sí lórúkọ rẹ̀. Ìwọ lo bá mi bi wọ́n, tí wọ́n ní ká mú rìsíìtì wá, tí nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀rọ àti orúkọ ẹni tó rà á wà nínú rẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ Àyànlọ́wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, látọjọ́ tí mo ti ń tajà, n kò kọ rìsíìtì fẹ́nì kan rí. Ojú mi rèé, ojú yín nìyẹn. Kí la tún fẹ́ fi bébà ṣe?" Mi ò gbà. Nítorí tèmi ló ṣe ra ìwé rìsíìtì tuntun, tó tẹ́ kábọ́ọ̀nù sí i, tó kọ orúkọ Bọ̀dá, àdírẹ́sì wa, ọjọ́ tí a rà á àti nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀rọ sójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀dà kan ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ìkejì kù sínú ìwé náà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wá rí inú ẹ̀rọ náà dáadáa. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín yọ sí mi: ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan l'Ékòó tí àwọn sójà tì pa lọ́dún tó kọjá. Àdírẹ́sì àwọn tó ń kọ̀wé sí wọn ní bòńkẹ́lẹ́ wà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin méjì gúnlẹ̀ sí gáréèjì nínú Pijó tí kò ní nọ́ńbà. Wọ́n ní ẹrù ìjọba ni Àyànlọ́wọ̀ tà, kó sọ ẹni tó rà á. Wọ́n gbé e lọ. Láti ìgbà náà, bí ewúrẹ́ bá forí kan ilẹ̀kùn, màá ti dìde. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. A ti gbé ẹ̀rọ náà pamọ́ sáàrin àwọn àpò kòkó. Àǹtí Joanna kò tíì bọ́ sùtánà funfun wọn láti àná, ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ní kí Bọ̀dá sá lọ bá ẹbí ní Agbabu.

Ọjọ́ Àìkú, kẹẹ̀ẹ́dógún.

Mi ò rí pépà mìíràn, ibí ni màá ti tẹ̀ síwájú. Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni Ìyá Lọ́pẹ́, ìyàwó Àyànlọ́wọ̀, wọlé tòun ti abọ́ púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí. Lábẹ́ ewé tó fi bò ó ló ti yọ ìwé rìsíìtì yẹn. Àwọn ọkùnrin ọjọ́sí kò wá a, torí ta ló máa rò pé Àyànlọ́wọ̀ ní irú rẹ̀? Wọ́n jẹ́ kó gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ ní àhámọ́ l'Ákùúrẹ́. Ojú ọkọ rẹ̀ ti wú. Ohun kan náà ló ṣì ń sọ fún wọn, pé arìnrìn-àjò tó ń lọ sí Bìní ló ra ẹrù, òun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn ò ní tú u sílẹ̀ àfi tó bá rántí.

"Ó ní kí n mú un fún yín, kí ẹ dáná sun ún," ni Ìyá Lọ́pẹ́ wí. Ó wá wò mí. "Ó ní kí n sọ fún ọmọ Lọ́ńdọ̀nù pé òun ṣáà wí i, rìsíìtì ò sunwọ̀n."

Àǹtí Joanna ti ṣá ìṣáná. Bọ̀dá fẹ́ ẹ pa, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n ka ewé àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí a rà á rèé, nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Olè kì í kọ nọ́ńbà ẹrù sílẹ̀ fún oníbàárà. Èyí ló máa yọ ọkùnrin yẹn."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ, ṣebí èmi ni mo fa rìsíìtì. Bọ̀dá ní, "Inúmidùn, ìwọ kọ́ lo ra ẹ̀rọ. Orúkọ mi ló wà níbí." Àǹtí kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, páálí ìṣáná lọ́wọ́.

Lọ́la láàárọ̀, Bọ̀dá ń lọ sí Àkúrẹ́.

Lydia, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, ti dé ẹnu ọ̀nà. Òun ni kí o fi èsì rán, má fi í sí pósítì. Ohun tí mo ní kí o sun lókè yẹn, má sun ún o! Bí wọ́n bá gba ìwé náà lọ́wọ́ Bọ̀dá, tí wọ́n fà á ya, tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ló kù láyé. Fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí Màmá. Bá mi kí wọn, ṣùgbọ́n má sọ ohun tó jẹ́ fún wọn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rù ń bà,

Inúmidùn.