Sàlámọ̀tù Àbídì, Ìkirè, ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1991

Ajé, 12 oṣù Karùn-ún 2025

Sàlámọ̀tù Àbídì ti kú láti oṣù Kẹfà ọdún 1991. Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, ìtọ́kasí kejìlélógún, mo kọ ọ́ pé mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní Ìkirè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà.

Qaosarat ló pè mí láàárọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lórí àwọn obìnrin ọjà Àpòmù àtijọ́. Ayẹ̀wéwò ni mo ń pè é nínú ìwé yìí — kò sí ohun tí kì í yẹ̀ wò. Ó ti dé ilé àwọn Àbídì ní Àpòmù, ó rí ibojì ìyá náà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. "Sà, àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, àbí?" Ó ń fún mi ní ọ̀nà àbáyọ. Mo ní n ó wò ó.

Kò sí ohun tí mo fẹ́ wò.

Ọjọ́rú, 14

Kí n kọ ọ́ síbì kan, ó kéré tán. Ojú mi ò kan Sàlámọ̀tù Àbídì rí.

Adémúyìwá ló rí i. Muyi. Yàrá kan la jọ ń gbé ní Ìkirè, ọdún kan náà la fẹ́ gboyè, ọjà Àpòmù ni àwa méjèèjì ń kọ̀wé lé lórí. Ọkọ̀ gbá a pa ní Wásinmi, ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kẹjọ 1991. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì wa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá, mo jókòó, mo da ọ̀rọ̀ ìyá náà kọ.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá fúnra rẹ̀ gbà, òun ò ní kà á sí. Orúkọ, ibi, ọjọ́ — ó gbọ́dọ̀ pé. Mo fi orúkọ ara mi sí i. Mo fi ọjọ́ tí mo dà á kọ sí i. Ìkirè — mi ò rántí ìdí tí mo fi kọ Ìkirè. Bóyá torí pé ibẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ ìyá náà tí gbogbo onímọ̀ ń tọ́ka sí nìyí: "Ẹni tó bá lọ sájò, òkúta la fi ń di àyè rẹ̀ mú lọ́jà. A kì í jókòó sórí òkúta ẹni tó ń bọ̀." Ìwé mọ́kànlá ni mo mọ̀ tó ti lò ó. Orúkọ mi ló wà nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ti Muyi kò sí níbì kankan.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń tọ́ka sí orísun ọ̀rọ̀. Mo ti dá odidi iṣẹ́ padà nítorí nọ́ńbà ojú ìwé kan.

Àbámẹ́ta, 17

Ayẹ̀wéwò wá sílé. Ó ti ka ìtọ́kasí mi fún àwọn ará ilé náà, kí wọ́n lè bá a tún ọjọ́ ṣe.

Ìyá náà ní ọmọbìnrin kan, Ràhmọ̀t. Ìyá Abijan ni gbogbo Àpòmù mọ̀ ọ́n sí, torí ó pẹ́ lẹ́nu òwò níbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n ti sin ín kó tó gbọ́. Kò fojú kan òkú. Ẹni bẹ́ẹ̀ wá gbọ́ pé ìyá òun wọ ilẹ̀ ní Àpòmù ní oṣù Kẹfà, ó sì ń tàkúrọ̀sọ ní Ìkirè ní oṣù Kẹjọ. Kò rò pé àṣìṣe ni.

"Àkúdàáyà ni wọ́n ń sọ, sà. Wọ́n ní ìyá kú tán, ó wá tẹ̀dó sí Ìkirè, ẹ̀yin lẹ sì bá a pàdé." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò rín in tán.

Ìṣẹ́gun, 20

Mo tú gbogbo àpótí. Ìwé Muyi kò sí.

Àbámẹ́ta, 24

Ìyá Abijan dé. Lórí ọ̀kadà, láti Àpòmù, tòun ti ọ̀pá. Ilé mẹ́fà ló ti yà ládùúgbò wa ní Ìkirè kó tó kan tèmi, ó ń béèrè ibi tí ìyá arúgbó kan gbé nígbà kan, tẹ́nikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá.

Ó ní òun mọ̀ pé kò lè sí níbẹ̀ mọ́. Bí ará ilé bá fojú kan irú wọn, ṣe ni wọ́n ń pòórá. "Mi ò wá a kó sá fún mi. Ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde ni mo fẹ́ rí."

Ó bi mí pé aṣọ wo ló wọ̀. Mo ní mi ò rántí.

"Tíṣà, ẹ rántí ọjọ́, ẹ rántí oṣù, ẹ ò rántí aṣọ? Irú akọ̀wé wo nìyẹn?"

Títí ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Mo rín díẹ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́.

Ó yọ sálúbàtà kan nínú ọ̀rá. Awọ pupa, kò tíì kan ilẹ̀ rí. Ó ti rà á bọ̀ láti Abijan fún ìyá rẹ̀, ibojì ló bá nílé. Ó tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà mi. "Ẹ bá mi jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ti yà lẹ́ẹ̀kan lè tún yà."

Ajé, 26

Mo sọ ọ́ fún Títí. Kò pariwo. "Bàbá Ìfẹ́, ọ̀rọ̀ òkú lẹ jí. Ẹ má jẹ́ kí arúgbó máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ san án."

Àbámẹ́ta, 31

Mo lọ sí Àpòmù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Abijan, láìdín.

Ó bi mí pé, "Ẹ ò rí i rárá?" Rárá, mà. "Ọmọ tó rí i ńkọ́?" Ó ti kú, mà. "Hẹ̀n-ẹ́n." Ó yí ojú sí ọ̀nà. "Mo rò pé ẹ ó ṣépè fún mi," ni mo wí. Ó ní, "Èpè kẹ̀? Ìwé ọmọ yẹn ni kí ẹ bá mi wá. Gbogbo ohun tó sọ ni mo fẹ́ gbọ́, kì í ṣe èyí tó wù yín tẹ́ ẹ mú."

Mo kọ̀wé sí yunifásítì nírọ̀lẹ́. Orúkọ Muyi, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Títí rí i. Ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àtijọ́ ni, láàárín àwọn bébà tó fi ń gé aṣọ.

Ọwọ́ Muyi ni. Lókè ojú ìwé: *Sàlámọ̀tù Àbídì. Ìkirè. 2/7/91.*

Ìkirè. Kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ ọ̀rọ̀ òkúta, ìlà kan tí mi ò dà kọ nígbà náà, torí kò wúlò fún iṣẹ́ mi: *Ọmọ mi wà ní Abijan. Mo ti gbé òkúta tirẹ̀ kúrò lọ́jà Àpòmù kí wọ́n má baà jókòó lé e. Ọ̀dọ̀ mi níbí ló wà.*

Mo ṣírò. Ọjọ́ kẹta Iléyá ọdún 1991 ló wà lára ibojì. 24 oṣù Kẹfà nìyẹn. Ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí 1 oṣù Keje, wọ́n ṣe fídáù. Ọjọ́ kejì fídáù ni Muyi jókòó tì í, tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo tún un ṣírò.

Ẹtì, 6

Iléyá. Ìyá Abijan fi ẹran ránṣẹ́. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Ìṣẹ́gun, 10

Mo ka ìwé Muyi fún Ìyá Abijan. Ó ní kí n tún un kà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó dé láti Abijan, òkúta rẹ̀ ò sí lọ́jà. Wọ́n ní ọkọ̀ akóyanrìn ló gbé e lọ. "Lọ́dún tí màmá mi kú, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ta ló gbé òkúta dé Ìkirè?"

Mo rọra ṣàlàyé. Ibojì kì í ṣe ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ọdún kẹwàá ni bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọjọ́ sí i, láti ẹnu àwọn tó rántí. Iléyá ọdún 1992 lè ni wọ́n ní lọ́kàn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, alààyè ni Muyi bá sọ̀rọ̀. Ìyá Abijan náà ò mọ ọdún. Ìgbà tó já ọmọ rẹ̀ kẹta lẹ́nu ọmú ló fi ń kà á.

Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló wà: ìwé àáfà tó kírun sí i lára, tó máa ń kọ orúkọ òkú àti ọdún Híjírà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú gan-an. Ọmọ rẹ̀, Àáfà Mubashir, ló ń tọ́jú ìwé náà. Ó wà ní Mẹ́kà.

1411, ìyẹn 1991; tàbí 1412, ìyẹn 1992.

Ajé, 16

Ayẹ̀wéwò: "Kí ni kí n wá kọ, sà?" Mo ní kó kọ orúkọ Muyi, ibi tí Muyi kọ, ọjọ́ tí Muyi kọ. "Ọdún tí ìyá kú ńkọ́?" Mo ní kó fi àyè sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 21

Àáfà ti dé. Ó pè ní aago méjì: ó ti rí ojú ìwé náà, orúkọ náà wà níbẹ̀, ó fẹ́ yà á ní fọ́tò kó fi ránṣẹ́. Iná fóònù rẹ̀ tán kó tó ka ọdún fún mi.

Ìyá Abijan jókòó sí pálọ̀ mi láti òwúrọ̀.

Sálúbàtà náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo yí i padà, mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ti kan ilẹ̀, èmi akọ̀wé. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ń wò mí.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fóònù kò tíì dún.